Ìtọ́jú Ọkọ̀ Ayọ́kẹ́lẹ́: Kí Gbèsè Má Baà Pẹ́ Láyé Ju Ọkọ̀ Lọ

Láti ọwọ́ ọ̀kan nínú àwọn olùyẹ̀wéwò ẹgbẹ́

Ẹ̀yin ọmọ ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù, nígbà tí a bá wá yẹ ìwé ẹgbẹ́ yín wò, ẹ máa ń rò pé owó nìkan ni a wá kà. Òótọ́ ni pé owó ni a ń kà, ṣùgbọ́n ìwé ẹ̀yáwó a máa sọ ìtàn mìíràn fún ẹni tí ó bá fara balẹ̀ kà á. Inú irú ìwé bẹ́ẹ̀ ni mo ti rí ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ bá yín sọ lónìí.

Ní ẹgbẹ́ kan ní agbègbè Ìkòtún, ọmọ ẹgbẹ́ kan yá owó láti fi ra ọkọ̀ tòkunbọ̀. Ọdún méjì ni wọ́n fún un láti san án tán. Ó san án déédéé fún oṣù mẹ́sàn-án. Láti oṣù kẹwàá, ojú ìwé rẹ̀ ṣófo. Nígbà tí mo béèrè ohun tí ó ṣẹlẹ̀, wọ́n mú mi lọ wo ọkọ̀ náà ní ẹ̀yìn ilé rẹ̀. Táyà ti jókòó sílẹ̀, koríko ti hù yí i ká, adìẹ sì ń yé ẹyin sí abẹ́ rẹ̀. Rédíétọ̀ ni ó ń jò díẹ̀díẹ̀, omi ni ọkùnrin náà sì ń bù sí i láràárọ̀. Ní ọjọ́ Ẹtì kan, nínú súnkẹrẹ-fàkẹrẹ, ọwọ́ tẹ́ńpíréṣọ̀ gòkè dé òkè pátápátá, ó sì ní òun yóò rọ́jú dé ilé. Òun dé ilé lóòótọ́, ṣùgbọ́n ẹ́ńjìnnì kò dé. Kò rí owó ra ẹ́ńjìnnì mìíràn, owó tí ó ń fi ọkọ̀ náà pa kò sì wọlé mọ́. Bẹ́ẹ̀ ni àwọn onídùúró méjì ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í san gbèsè ọkọ̀ tí wọn kò jókòó sínú rẹ̀ rí.

Owó tí ì bá fi lẹ rédíétọ̀ náà kò tó owó tí ó ń san fún ẹgbẹ́ ní oṣù kan ṣoṣo. Kékeré ni a ti ń pẹ̀ka ìrókò. Bí ó bá dàgbà tán, apá kì í ká a mọ́. Ọkọ̀ tí a fi owó ẹgbẹ́ rà, ẹnì kan ni ó ni ín, ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ ènìyàn ni ó ru ẹrù rẹ̀. Nítorí náà, ìtọ́jú rẹ̀ kì í ṣe ọ̀rọ̀ mẹkáníìkì nìkan. Ọ̀rọ̀ ẹgbẹ́ ni.

ÌRÌN WA KÒ PỌ̀, ṢÙGBỌ́N IṢẸ́ Ẹ́ŃJÌNNÌ PỌ̀

Ní ọjọ́ 29 oṣù Karùn-ún ọdún 2023, ìjọba àpapọ̀ kéde pé owó ìrànwọ́ orí epo bẹntiróòlù ti dópin. Láàárín ọjọ́ mélòó kan, lítà kan tí kò tó náírà 200 fò dé nǹkan bí náírà 500. Láti ìgbà náà ni ọ̀pọ̀ nínú wa ti dín ìrìn ọkọ̀ kù. A ń gbé e lọ sí ibi iṣẹ́ ní ọjọ́ méjì tàbí mẹ́ta láàárín ọ̀sẹ̀, a ń gbé e lọ sí ọjà, sí ṣọ́ọ̀ṣì tàbí mọ́ṣáláṣí. Ní àwọn ọjọ́ tí ó kù, dánfó ni. Bí mo bá wá béèrè lọ́wọ́ ọmọ ẹgbẹ́ pé ìgbà wo ni ó pààrọ̀ ọ́ìlì gbẹ̀yìn, èsì tí mo máa ń gbọ́ ni pé, "Ọ̀gá, mi ò kúkú lò ó púpọ̀."

Ẹ jẹ́ kí a ṣírò ọ̀rọ̀ yìí bí a ti ń ṣírò èlé. Láti Ìgàndò dé Ìkẹjà, a lè pè é ní kìlómítà 20. Bí ó bá gba ìṣẹ́jú 80 kí ẹ tó dé ibẹ̀ ní òwúrọ̀, a jẹ́ pé kìlómítà 15 péré ni ẹ ń rìn ní wákàtí kan. Bí ẹ bá ń rìn báyìí títí òǹkà inú dáṣíbọ́ọ̀dù fi kọ kìlómítà 5,000, ẹ́ńjìnnì yín ti ṣiṣẹ́ fún wákàtí 333. Ẹlòmíràn tí ó ń sáré kìlómítà 75 ní wákàtí kan lórí ọ̀nà gbọọrọ yóò rin kìlómítà 5,000 kan náà láàárín wákàtí 67. Òǹkà kan náà ni ẹ̀yin méjèèjì kà, ṣùgbọ́n ẹ́ńjìnnì tiyín ti jí ní ìlọ́po márùn-ún tirẹ̀.

N kò sọ pé ó gbó ní ìlọ́po márùn-ún gẹ́lẹ́, nítorí ẹ́ńjìnnì tí ó dúró kì í fa ẹrù tó èyí tí ó ń sáré. Ṣùgbọ́n ìwé tí ó máa ń bá ọkọ̀ wá láti ilé-iṣẹ́ tí ó ṣe é pàápàá pín ìlò ọkọ̀ sí ọ̀nà méjì, ìlò pẹ̀lẹ́ àti ìlò líle. Ohun tí wọ́n kà sí ìlò líle ni dídúró lójú kan pẹ̀lú iná, eruku, ìrìn kúkúrú-kúkúrú, àti ẹrù wúwo. Ẹni tí ó bá mọ ọ̀nà Ìkòtún sí Ìdímù, tàbí tí ó ti dúró ní Ìyànà-Ìpájà ní ìrọ̀lẹ́, mọ̀ pé kò sí èyí tí a kò ní nínú wọn. Nítorí náà, bí ìrìn wa tilẹ̀ kéré, ìlò líle ni ìlò wa. Kí a má ṣe fi kìlómítà nìkan ka ọjọ́ orí ìtọ́jú. Kí a fi oṣù kà á pẹ̀lú, kí èyí tí ó bá kọ́kọ́ dé jẹ́ àṣẹ.

Ọ́ÌLÌ Ẹ́ŃJÌNNÌ

Iṣẹ́ mẹ́ta ni ọ́ìlì ń ṣe. Ó ń jẹ́ kí irin yọ̀ lórí irin, ó ń gbé ooru kúrò, ó sì ń kó ìdọ̀tí mọ́ra. Ọ́ìlì tí ó dúdú kì í ṣe ọ́ìlì burúkú dandan. Ó lè jẹ́ pé ó ń ṣe iṣẹ́ rẹ̀ ni. Ṣùgbọ́n nígbà tí ìdọ̀tí bá pọ̀ ju ohun tí ó lè gbé lọ, yóò di ẹrẹ̀ dúdú tí yóò dí ojú ọ̀nà tí ọ́ìlì ń gbà dé òkè ẹ́ńjìnnì. Ibẹ̀ ni nọ́ọ̀kì ti ń bẹ̀rẹ̀.

Fún ìlò tiwa, kìlómítà 5,000 tàbí oṣù mẹ́fà ni òdiwọ̀n tí kò léwu. Bí ọkọ̀ yín kò bá tilẹ̀ rìn ju kìlómítà 2,000 lọ láàárín oṣù mẹ́fà náà, ẹ pààrọ̀ ọ́ìlì, kí ẹ sì pààrọ̀ fílítà rẹ̀ pẹ̀lú. Ẹni tí ó da ọ́ìlì tuntun sórí fílítà àtijọ́ dà bí ẹni tí ó wẹ̀ tán tí ó tún wọ aṣọ ìdọ̀tí.

Lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, kí ẹ tó tan ọkọ̀ ní òwúrọ̀, ẹ gbé e sí ibi tí ilẹ̀ ti tẹ́jú. Ẹ ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì, ẹ fa géèjì ọ́ìlì yọ, ẹ nù ún, ẹ tì í bọ̀ ọ́ padà dé ìdí, kí ẹ tún fà á yọ. Àárín àmì méjèèjì ni ó yẹ kí ọ́ìlì wà. Bí ó bá wà ní ìsàlẹ̀ àmì kejì, ẹ fi kún un ní ọjọ́ náà gan-an. Bí ó bá funfun bí ògì, omi ti wọ inú ọ́ìlì. Ẹ má tan ọkọ̀ náà. Ẹ ránṣẹ́ pe mẹkáníìkì wá sí ilé.

Ohun mìíràn ni nọ́ńbà ọ́ìlì. Ó wà lórí ìdérí ibi tí a ń da ọ́ìlì sí, tàbí nínú ìwé ọkọ̀. Irú bí 5W-30 tàbí 20W-50. Àwọn kan gbà pé bí ọ́ìlì bá ṣe ki tó ni ó ṣe dára tó ní ilẹ̀ wa tí ó gbóná. Ọ̀rọ̀ yìí bá ọ̀pọ̀ ọkọ̀ àtijọ́ mu. Ẹ́ńjìnnì ìsinsìnyí ní àyè tóóró láàárín irin àti irin, ọ́ìlì tí ó ki jù kì í tètè dé ibẹ̀ ní òwúrọ̀. Bí mẹkáníìkì bá ní kí ẹ da ọ́ìlì kíki sí i nítorí èéfín, ẹ mọ̀ pé àrùn ni ó fẹ́ bò, kì í ṣe pé ó fẹ́ wò ó sàn.

Ẹ ṣọ́ra fún ayédèrú ọ́ìlì. Ẹ rà á lọ́wọ́ ẹni tí ẹ mọ ṣọ́ọ̀bù rẹ̀, kí ẹ gba rìsíìtì, kí ẹ sì dúró ti mẹkáníìkì títí yóò fi dà á tán. Nígbà tí ó bá tán, ẹ fi ìṣó dá ike náà lu kí ẹ tó sọ ọ́ nù, nítorí inú irú ike òfìfo bẹ́ẹ̀ ni àwọn oníjìbìtì ń rọ ọ́ìlì burúkú sí.

OMI KANGA KÌ Í ṢE OÚNJẸ RÉDÍÉTỌ̀

Ọdún 1975 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í to Peugeot pọ̀ ní Kàdúná, ọdún kan náà sì ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ ti Volkswagen ní ìlú Ọjọ́ tí ó bá wa pààlà. Ẹ̀yin tí ẹ bá mọ Volkswagen tí a ń pè ní Ìjàpá yóò rántí pé kò ní rédíétọ̀ rárá. Afẹ́fẹ́ ni ó ń tu ẹ́ńjìnnì rẹ̀ lára. Ìgbà ti yí padà. Èyí tí ó pọ̀ jù nínú ọkọ̀ tí ẹ ń rí ní Ẹ̀gbẹ́dá lónìí, ohun tí ó wà nínú rédíétọ̀ ni ẹ̀mí wọn wà lọ́wọ́ rẹ̀.

Kúláǹtì ni ó yẹ kí ó wà níbẹ̀, kì í ṣe omi lásán. Kúláǹtì kì í jẹ́ kí irin dípẹtà, kì í sì í tètè hó bí omi. Omi kanga àti omi bọ́ọ̀hóò wa, òmíràn nínú wọn ní irin nínú tó bẹ́ẹ̀ tí ó ń sọ báfù di pupa. Ohun tí ó ṣe báfù náà ni yóò ṣe inú rédíétọ̀, yóò sì dí ojú ihò rẹ̀ ní díẹ̀díẹ̀. Bí kúláǹtì tí ẹ rà bá jẹ́ èyí tí a ń pò, omi bátìrì tí kò ní ásíìdì ni kí ẹ fi pò ó, ní ìdajì sí ìdajì. Kúláǹtì àtijọ́ aláwọ̀ ewé, ọdún méjì ni wọ́n ń fún un. Àwọn irú tuntun kan lè lo ọdún márùn-ún. Ẹ ka ara ike rẹ̀.

Bí kúláǹtì bá ń dín kù, ibì kan ni ó ń gbà lọ. Kí a má sọ pé ọkọ̀ ń "mu omi" bí ẹni pé òùngbẹ ń gbẹ ẹ́. Ẹ wá ojú ibi tí ó ń jò. Ẹ má ṣe ṣí ìdérí rédíétọ̀ nígbà tí ẹ́ńjìnnì bá gbóná láéláé, nítorí omi inú rẹ̀ lè gbóná ju ibi tí omi ìkòkò ti ń hó lọ, yóò sì tú síni lójú.

Ọ̀pọ̀ ọmọ ẹgbẹ́ ti bi mí pé kí ló dé tí ọkọ̀ àwọn fi ń gbóná ní Ìkòtún ṣùgbọ́n tí kì í gbóná ní ọ̀nà Ìbàdàn. Ìdí rẹ̀ rọrùn. Bí ọkọ̀ bá ń sáré, atẹ́gùn ń fẹ́ gba ojú rédíétọ̀ kọjá fúnra rẹ̀. Bí ó bá dúró, fáànù nìkan ni ó kù. Nítorí náà, bí ọkọ̀ bá ń gbóná nínú súnkẹrẹ-fàkẹrẹ nìkan, fáànù ni kí ẹ kọ́kọ́ yẹ̀ wò: ṣé ó ń yí, ṣé ó ń yára tó, ṣé fíúsì rẹ̀ kò jó.

Ọ̀rọ̀ kan tún wà níbẹ̀ tí ó ń dùn mí. Bí ọkọ̀ bá gbóná lẹ́ẹ̀kan báyìí, àwọn mẹkáníìkì kan yóò yọ tẹ́mósítáàtì jù nù. Wọ́n á ní ilẹ̀ wa gbóná, a kò nílò rẹ̀. Iṣẹ́ tẹ́mósítáàtì ni láti dá omi dúró títí ẹ́ńjìnnì yóò fi dé ìwọ̀n ooru tí ó yẹ ẹ́, tí ó sábà máa ń wà ní nǹkan bí 90 lórí òṣùwọ̀n Sẹ́ṣíọ́ọ̀sì, kí ó tó jẹ́ kí omi máa lọ. Bí a bá yọ ọ́, ẹ́ńjìnnì yóò pẹ́ kí ó tó móoru, yóò máa jẹ epo jù, ọ́ìlì rẹ̀ yóò sì tètè di ẹrẹ̀. Tẹ́mósítáàtì tí ó bá bàjẹ́, òmíràn ni kí a fi rọ́pò rẹ̀. Owó rẹ̀ kò pọ̀.

Bí ọwọ́ tẹ́ńpíréṣọ̀ bá kọjá àyè rẹ̀, ẹ pa éésì, ẹ yà sí ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà, ẹ pa ẹ́ńjìnnì. Bí ó tilẹ̀ ku òpó iná méjì kí ẹ dé ilé, ẹ dúró. A kì í fi iná sórí òrùlé sùn. Ìṣẹ́jú márùn-ún ti tó láti jó tọ́ọ̀pù gásíkẹ́ẹ̀tì, ó sì ti tó láti tẹ orí ẹ́ńjìnnì wọ́.

BÍRÉÈKÌ ÀTI TÁYÀ

Ọ́ìlì àti omi ń dáàbò bo owó wa. Bíréèkì àti táyà ń dáàbò bo ẹ̀mí wa.

Bíréèkì páàdì tí nínípọn rẹ̀ kò tó mílímítà 3 mọ́ ti tó pààrọ̀. Bí ẹ bá ń gbọ́ ohùn tí ń han gooro nígbà tí ẹ bá tẹ bíréèkì, ẹ má dúró de ọjọ́ tí irin yóò máa ha irin. Ọ́ìlì bíréèkì ni ọ̀pọ̀ ènìyàn kì í rántí. Ó máa ń fa omi inú afẹ́fẹ́ mọ́ra, yálà ọkọ̀ rìn tàbí kò rìn. DOT 4 tuntun kò gbọdọ̀ hó kí ooru tó dé 230 lórí òṣùwọ̀n Sẹ́ṣíọ́ọ̀sì. Èyí tí ó ti mu omi lè hó ní 155. Nígbà tí ó bá hó, afẹ́fẹ́ yóò wà nínú páìpù, ẹsẹ̀ yín yóò sì wọlẹ̀ láìsí bíréèkì. Ẹ pààrọ̀ rẹ̀ ní ọdún méjì-méjì.

Ní ti táyà, ẹ wo ara rẹ̀ níbi tí wọ́n kọ DOT sí. Ẹ ó rí nọ́ńbà mẹ́rin ní ìparí. Bí ó bá jẹ́ 2319, ọ̀sẹ̀ kẹtàlélógún ọdún 2019 ni wọ́n ṣe é. Táyà tí a kì í lò jù máa ń tan ènìyàn jẹ, nítorí ojú rẹ̀ a ṣì jinlẹ̀ ṣùgbọ́n rọ́bà rẹ̀ ti gbó. Láti ọdún márùn-ún, ẹ máa yẹ̀ ẹ́ wò dáadáa fún sísán. Ọdún mẹ́wàá ni òpin tí àwọn tí ń ṣe táyà fi sí i, bí ó tilẹ̀ dà bí tuntun, oòrùn wa kì í sì í jẹ́ kí ọ̀pọ̀ dé ibẹ̀. Táyà tòkunbọ̀ tí kò ní ọjọ́ orí tí a lè kà, ẹ má rà á. Nínú ihò táyà, àwọn ìlà kékeré kan wà tí ó ga ní mílímítà 1.6. Bí ojú táyà bá ti gbó dé ìlà náà, kò lè gbá omi òjò mọ́.

Ìwọ̀n afẹ́fẹ́ táyà wà lára òpó ilẹ̀kùn awakọ̀. Ẹ jẹ́ kí fọganáísà wọ̀n ọ́n ní òwúrọ̀ kí táyà tó gbóná, lẹ́ẹ̀kan lóṣù, kí ẹ má sì gbàgbé táyà àpòjù tí ó wà ní bútù.

ỌKỌ̀ TÍ Ó DÚRÓ SÍLÉ

Ọkọ̀ tí a gbé sílé kò sinmi. Bátìrì ń kú lọ, nítorí àlámù àti kọ̀ǹpútà inú ọkọ̀ ń jẹ iná díẹ̀díẹ̀. Irin bíréèkì ń dípẹtà. Eku ń wọ abẹ́ bọ́nẹ́ẹ̀tì lọ jẹ wáyà.

Ọ̀pọ̀ nínú wa máa ń tan ọkọ̀ fún ìṣẹ́jú márùn-ún láràárọ̀ kí á lè "gbóná ẹ́ńjìnnì." Àṣà yìí kò ràn án lọ́wọ́. Ìṣẹ́jú márùn-ún kò tó láti mú omi àti epo tí ó kán sínú ọ́ìlì gbẹ, kò sì tó láti dá iná tí a fi tan ọkọ̀ padà sínú bátìrì. Ó sàn kí ẹ gbé e rìn lẹ́ẹ̀kan lọ́sẹ̀ fún ìṣẹ́jú 20 sí 30, kí ẹ tan éésì pẹ̀lú. Bí ẹ bá rí ìyẹ̀fun funfun tàbí aláwọ̀ ewé lórí bátìrì, ẹ tú wáyà tí ó ní àmì ìyọkúrò kọ́kọ́, ẹ fi omi lílọ́ wọ́ọ́rọ́ fọ̀ ọ́, ẹ gbẹ ẹ́ kí ẹ tó dè é padà.

Ẹ má jẹ́ kí epo máa wà ní ìdí táńkì nígbà gbogbo. Inú epo ni pọ́ǹpù ń gbé, epo náà ni ó sì ń tù ú lára. Ẹ ra epo níbi tí ọjà ti ń yá, kí ẹ sì tọ́jú rìsíìtì. Ní oṣù Kejì ọdún 2022, ìjọba fúnra wọn jẹ́wọ́ pé epo bẹntiróòlù tí mẹtanóòlù inú rẹ̀ kọjá ìwọ̀n ti wọ orílẹ̀-èdè yìí. Láìsí rìsíìtì, ta ni ẹ ó bá ṣe ẹjọ́?

Ní àsìkò òjò, bí omi ojú ọ̀nà bá dé ìdajì táyà, ẹ padà. Bí ọkọ̀ bá kú sínú omi, ẹ má tún un tan. Ẹ jẹ́ kí wọ́n fà á jáde. Omi kò ṣeé fún mọ́ra bí afẹ́fẹ́. Bí ó bá ti wọ inú ẹ́ńjìnnì, títan ọkọ̀ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo lè tẹ irin inú rẹ̀.

BÍ Ẹ BÁ ṢẸ̀ṢẸ̀ RA TÒKUNBỌ̀

Ẹ kà á sí pé ẹnikẹ́ni kò tọ́jú rẹ̀ rí. Òǹkà kìlómítà pàápàá, ọmọ aráyé a máa yí i sẹ́yìn. Láàárín ọ̀sẹ̀ kìíní, ẹ pààrọ̀ ọ́ìlì ẹ́ńjìnnì, gbogbo fílítà, kúláǹtì àti ọ́ìlì bíréèkì. Ẹ wo ọ́ìlì gíà. Bí ó bá ń rùn bí ohun tí ó jóná, ẹ pe ẹni tí ó mọ gíà dáadáa, irú èyí tí ìwé ọkọ̀ sọ nìkan ni kí ẹ sì dà sí i. Ẹ bi mẹkáníìkì bóyá ṣéènì ni ọkọ̀ náà ń lò tàbí táímínì bẹ́ẹ̀tì. Bí ó bá jẹ́ bẹ́ẹ̀tì, tí ẹ kò sì mọ ìgbà tí wọ́n pààrọ̀ rẹ̀, ẹ pààrọ̀ rẹ̀. Nínú ọ̀pọ̀ ẹ́ńjìnnì, bí bẹ́ẹ̀tì yìí bá já lójú ọ̀nà, fáàfù àti písítìnnì yóò kọlu ara wọn, ó sì parí.

ÌWÉ KÉKERÉ INÚ ỌKỌ̀

Ẹgbẹ́ tí kò ní ìwé kò lè mọ ibi tí owó rẹ̀ wà. Bẹ́ẹ̀ náà ni ọkọ̀. Ẹ ra ìwé àkọsílẹ̀ ọmọ ilé-ìwé kan, ẹ fa ìlà márùn-ún sí i: ọjọ́, kìlómítà, iṣẹ́ tí a ṣe, iye owó, àti ìgbà tí ó tún kàn. Ẹ lẹ ètò yìí mọ́ èèpo rẹ̀:

Lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀: géèjì ọ́ìlì, ìwọ̀n kúláǹtì, gbogbo iná ọkọ̀, abẹ́ ọkọ̀ bóyá nǹkan kán sílẹ̀.

Lóṣooṣù: afẹ́fẹ́ táyà, orí bátìrì, ọ́ìlì bíréèkì, omi wáípà, kí a gbọn eruku fílítà afẹ́fẹ́.

Ní oṣù mẹ́fà tàbí kìlómítà 5,000: ọ́ìlì ẹ́ńjìnnì àti fílítà rẹ̀, kí a tú táyà láti yẹ bíréèkì páàdì, ṣọ́ọ̀kì àti rọ́bà abẹ́ ọkọ̀ wò.

Lọ́dọọdún tàbí kìlómítà 10,000: yíyí táyà ipò padà, títọ́ ẹsẹ̀ ọkọ̀, fáànù bẹ́ẹ̀tì, fílítà afẹ́fẹ́ tuntun bí eruku bá pọ̀, kí a yẹ púlọ́ọ̀gì wò.

Ní ọdún méjì: ọ́ìlì bíréèkì, àti kúláǹtì bí kò bá jẹ́ irú tí ń pẹ́.

Ní ti púlọ́ọ̀gì, irú tí ó wọ́pọ̀ lè lo nǹkan bí kìlómítà 30,000. Irú tí wọ́n ń pè ní iridium lè dé 100,000. Kí ẹ tó gbà pé kí wọ́n pààrọ̀ rẹ̀, ẹ mọ èyí tí ẹ ní.

OHUN TÍ ẸGBẸ́ LÈ ṢE

Ohun mẹ́ta ni mo fẹ́ kí àwọn ìgbìmọ̀ yín gbé yẹ̀ wò ní ìpàdé tí ń bọ̀.

Èkíní, kí a má ṣe yá ọmọ ẹgbẹ́ ní owó tí ó tó ra ọkọ̀ ṣùgbọ́n tí kò tó ṣe iṣẹ́ ọ̀sẹ̀ kìíní tí mo kà sókè yìí. Kí owó náà wà nínú ẹ̀yáwó, kí ọmọ ẹgbẹ́ sì mú rìsíìtì iṣẹ́ náà wá. Kí mẹkáníìkì tí ẹgbẹ́ gbọ́kàn lé yẹ ọkọ̀ wò kí owó tó jáde.

Èkejì, kí akápò ṣí ojú ìwé fún owó ìtọ́jú ọkọ̀, lọ́tọ̀ sí owó ìfipamọ́ gbogboogbò. Bí ẹgbẹ́ ṣe ń yọ owó ìpamọ́ nínú èrè kí a tó pín in, bẹ́ẹ̀ ni kí oníkálukú ṣe. Ìmọ̀ràn mi ni pé, fún náírà márùn-ún tí ẹ bá ná lórí epo, ẹ fi náírà kan sí ibẹ̀. Ẹni tí ó ra epo náírà 10,000 yóò fi náírà 2,000 pamọ́. Nígbà tí oṣù mẹ́fà bá pé, ọ́ìlì kò ní jẹ́ ìdààmú.

Ẹ̀kẹta, kí a rà á pọ̀. Ọkọ̀ tí ń gba lítà 4 lẹ́ẹ̀mejì lọ́dún nílò lítà 8. Ọmọ ẹgbẹ́ 25 tí nọ́ńbà ọ́ìlì wọn jẹ́ ọ̀kan náà yóò lo lítà 200, èyí tí ó tó nǹkan bí dúrọ́ọ̀mù kan. Bí ẹgbẹ́ bá rà á tààrà lọ́wọ́ aṣojú ilé-iṣẹ́ tí ó ṣe é, owó rẹ̀ yóò rọjú, ẹ̀rù ayédèrú yóò sì dín kù. Àgbájọ ọwọ́ ni a fi ń sọ̀yà.

Ọmọ ẹgbẹ́ tí mo sọ ìtàn rẹ̀ ní ìbẹ̀rẹ̀ kì í ṣe ọ̀lẹ, kì í sì í ṣe oníjìbìtì. Àwọn onídùúró rẹ̀ tilẹ̀ sọ fún mi pé àwọn yóò tún dúró fún un bí ó bá béèrè. Ohun tí ó ṣe é ni pé ó ń ka kìlómítà, ó sì gbàgbé láti ka oṣù. A kò ń pe ara wa ní alájẹṣẹ́kù lásán. Bí a bá jẹ, kí ó ṣẹ́kù. Ní òwúrọ̀ ọ̀la, kí ẹ tó tan ọkọ̀ yín, ẹ jọ̀wọ́, ẹ kọ́kọ́ fa géèjì ọ́ìlì yọ wò.